Bí Èdè Yorùbá Ṣe Wọ Yunifásítì: Láti Etí Ọ̀sà Lẹ́kkí dé Akọkà àti Ifẹ̀

Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè Áfíríkà díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà ní yunifásítì láti oyè àkọ́kọ́ títí di oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó sì lè fi èdè náà fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ipò yìí kò tíì lọ́jọ́ lórí. Láàárín 1960 sí 1975 ni ó fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú àsìkò yẹn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀, tí wọ́n ń wádìí gírámà rẹ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí àkọtọ́ rẹ̀. Freetown, Paris, London àti Washington ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti wáyé, ẹnu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbọ́ èdè ọ̀hún.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni Òṣìfẹ́kùndé, ọmọ Ìjẹ̀bú láti Mákùn. Omi tí wọ́n ti mú un ni ọ̀sà tí ó ṣẹ̀ láti Èkó, tí ó gba ẹ̀yìn Ajá àti Lẹ́kkí kọjá lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ní 1820, níbi tí ó ti ń ṣòwò lórí ọ̀sà, àwọn jàǹdùkú ojú omi láti ilẹ̀ Ìjọ gbá a mú, wọ́n sì tà á. Ó dé Brazil, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, kí wọ́n tó mú un lọ sí Paris. Ibẹ̀ ni d'Avezac, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ti bá a pàdé, tí ó jókòó tì í, tí ó sì ń bi í léèrè nípa ìlú, ọba, ẹ̀sìn, ọjà àti èdè ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìwé tí ó ti inú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí jáde ní 1845 ní àkójọ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú àti àlàyé lórí gírámà rẹ̀. Títí di 1967, nígbà tí P. C. Lloyd ṣe àlàyé lórí rẹ̀ fún àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀ pé ẹnu ọmọ etí ọ̀sà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Paris ti gbọ́ èdè wọn. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí Yorùbá dé yunifásítì nílé, ohùn etí ọ̀sà kò fi bẹ́ẹ̀ bá a wọlé.

Ní Freetown ni iṣẹ́ náà ti rinlẹ̀ jù. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, níbi tí Freetown wà. Àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n. John Raban, oníwàásù ìjọ C.M.S. (Church Missionary Society), tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ wọn jáde ní apá mẹ́ta láàárín 1830 sí 1832. Àwọn ará Akú kan náà ni Àjàyí Crowther ti jáde. Ìlú Òṣoògùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821; wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822; ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1827. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ níbẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde ní 1843. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1844 ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní 1852 ó tún tẹ gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ jáde. Àwọn òyìnbó tí ó kọ̀wé lórí Yorùbá ṣáájú rẹ̀, àjèjì tí ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ onílé ni wọ́n. Crowther mọ èdè náà láti ọmú ìyá wá, ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi di ìpìlẹ̀ tí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e kọ́lé lé.

Ohun tí ó mú C.M.S. náwó sí iṣẹ́ yìí kò fara sin: wọ́n fẹ́ ìwé Bíbélì ní Yorùbá. Èdè tí ó gba ọ̀nà Bíbélì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Yorùbá. Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ti tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní Oxford. Ṣáájú Oxford, ní 1814, ni Paris ti dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n Sanskrit sílẹ̀ ní Collège de France, tí wọ́n fi Chézy síbẹ̀. Ní 1818 August Wilhelm Schlegel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Bonn. Ní Oxford, owó tí ọ̀gágun Joseph Boden fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ni wọ́n fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n Sanskrit sílẹ̀, tí H. H. Wilson sì gbà á ní 1832. Ohun tí Boden sọ pé òun ń wá ni kí ìmọ̀ èdè náà ran àwọn ará ìlú òun lọ́wọ́ láti sọ àwọn ará Íńdíà di Kristẹni. Ète Boden àti ti C.M.S. jọra, ṣùgbọ́n ohun tí èdè méjèèjì rí gbà kò jọra. Ní 1864, Oxford kan náà fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn dá Crowther lọ́lá, ọdún tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọn kò dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kankan sílẹ̀ fún èdè tí ó fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ojú tí àwọn òyìnbó fi ń wo èdè méjèèjì. Sanskrit ní ìwé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá, Pāṇini sì ti ṣàlàyé gírámà rẹ̀ ṣáájú ìbí Jésù. Lẹ́yìn tí William Jones sọ ní Calcutta ní 1786 pé Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn dàbí ọmọ ìyá kan náà, àwọn ará Yúróòpù gbà pé inú rẹ̀ ni àwọn yóò ti rí orísun èdè tiwọn. Yorùbá kò ní ìwé lọ́wọ́ irú èyí. Ohun tí ó ní wà lórí ahọ́n: ẹsẹ Ifá, ìjálá, oríkì, rárà. Babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ń kọ́ ọ lórí, wọ́n sì ń dán an wò kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ó ní olùkọ́, ó ní ìdánwò, ó ní ìpele. Ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù tí ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ìbọ̀rìṣà ni wọ́n ka Ifá sí, fún ìdí èyí, èdè náà dé ojú ìwé láìsí lítíréṣọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Ní 1876, Fourah Bay di ẹ̀ka Yunifásítì Durham, ó sì di ibi tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti lè gboyè yunifásítì láìkúrò ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ Yorùbá láti Èkó àti Abẹ́òkúta, tí ìdílé wọn ti Sàró padà wá sílé, lọ síbẹ̀. Látìn, Gíríìkì àti ẹ̀kọ́ ìsìn ni ó gba ipò iwájú. Ṣáájú ìgbà náà, láàárín 1847 sí 1853, Sigismund Koelle ti kọ́ni ní èdè Hébérù ní Fourah Bay, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, jọ sínú Polyglotta Africana, ìwé tí ó jáde ní 1854. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ Crowther dàgbà wá ní òǹkọ̀wé tó mọ ìyàtọ̀ èdè Áfíríkà ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ kò fi Yorùbá sí ara ohun tí a lè fi gboyè.

Ìwé kò dáwọ́ dúró. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ṣe gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá. Smithsonian ní Washington tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1858. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875 àwọn oníwàásù pé jọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́, wọ́n sì fìdí àmì ìsàlẹ̀ múlẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ, ọ̀nà ìkọ̀wé tí ilé ìwé àti ilé ìjọsìn lò fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

London ni yunifásítì ti gba Yorùbá wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní SOAS lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1916 fún èdè Éṣíà. Ní 1938 ni wọ́n fi Áfíríkà kún orúkọ rẹ̀. Ida Ward, onímọ̀ nípa ìró èdè, ni ó darí ẹ̀ka Áfíríkà níbẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀ síra ni ó tẹra mọ́. Ìwé rẹ̀ lórí Yorùbá jáde ní 1952, lẹ́yìn tí ó ti kú. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà: àwọn ọmọ Yorùbá bíi E. L. Láṣebìkan jókòó sí London gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ kí òyìnbó lè gbọ́, wọ́n ń ṣàtúnṣe, wọ́n sì ń kọ́ àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn tí ń múra àtilọ sí Nàìjíríà. Irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí orúkọ rẹ̀ lójú ìwé. Láṣebìkan rí tirẹ̀: ó kọ ìwé kan fún àwọn tí ń kọ́ Yorùbá ní 1958. Ọdún kan náà ni R. C. Abraham tẹ atúmọ̀ èdè Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì jáde, ìwé ńlá tí ó kún fún ọ̀rọ̀ àti àpẹẹrẹ, ọdún kan náà sì ni Isaac Délànọ̀ gbé Atúmọ̀ Ede Yoruba jáde, tí ó fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá. Abraham kọ̀wé fún àlejò, Délànọ̀ kọ ọ́ fún onílé, ìwé fún onílé sì ni ohun tí àwọn yunifásítì ilé yóò wá jà fún.

Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, abẹ́ Yunifásítì London ni ó wà, oyè London ni ó sì ń fúnni. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka Látìn àti Gíríìkì gboyè ní àárín ìlú Yorùbá tí ó tóbi jù lọ, ṣùgbọ́n kò lè ka Yorùbá gboyè. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí ó wà ní Ìbàdàn, èdè Faransé ni ó kà níbẹ̀. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ìmọ̀ ìtàn ni ó kà jáde ní 1963. Kò sí ohun tó burú nínú Faransé tàbí ìtàn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí Yorùbá ní láti gba ojú ọ̀nà mìíràn.

Ní 1963, Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Edinburgh dé sí Ìbàdàn pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé lórí gírámà Yorùbá. Cambridge tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1966. Òun ni ó kọ́kọ́ fi ìlànà lìngúísíìkì ìgbà náà, èyí tí M. A. K. Halliday ń gbé kalẹ̀, ṣàlàyé gbólóhùn Yorùbá láti òkè délẹ̀, láìfi gírámà Látìn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀ka Lìngúísíìkì àti Èdè Nàìjíríà ní Ìbàdàn di ibi tí wọ́n ti ń jiyàn gidi. Ọ̀kan nínú àríyànjiyàn tó dùn jù ni ti ohùn òkè tí a máa ń gbọ́ láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, bí a bá sọ pé “Ọmọdé é lọ”. Bámgbóṣé gbà pé àmì ìbáramu olùwà ni. Ọládélé Awóbùlúyì, tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1967, gbà pé ohun tó ń sọ nípa àsìkò ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà lè rò pé kékeré ni. Kì í ṣe kékeré: àwọn ọmọ Yorùbá méjì ń jiyàn nínú ìwé, pẹ̀lú ẹ̀rí, lórí ohun tí etí wọn ń gbọ́, kò sì sí òyìnbó kankan tí ó jẹ́ onídàájọ́.

Ìṣèlú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1945, fi ìgbélárugẹ èdè, àṣà àti ìtàn Yorùbá sí ara ohun tí ó wà fún. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe olórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pinnu láti ní yunifásítì tirẹ̀, wọ́n sì ṣòfin rẹ̀ ní 1961. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1962, nínú ọgbà rẹ̀ ní Ìbàdàn, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti wà nínú rògbòdìyàn, ìjọba pàjáwìrì sì ti ní kí Awólọ́wọ̀ lọ máa gbé ní Lẹ́kkí, abúlé etí òkun tí ó jìnnà sí ojú ayé nígbà náà. Ní 1967 yunifásítì náà kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láti 1987 ni ó sì ti ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀.

Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú, ni lítíréṣọ̀ Yorùbá ti rí àyè gidi. Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, ni baba iṣẹ́ náà. Ó ti kàwé ní Achimota àti Cambridge, ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Igbóbì College, ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé Yunifásítì London lórí ìjálá àwọn ọdẹ. Iṣẹ́ yẹn di ìwé ní Oxford ní 1966. Ní 1967 ó kó oríkì orílẹ̀ jọ sínú ìwé kan tí ó jẹ́ Yorùbá látòkè délẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sí ní Akọkà ń jẹ́ School of African and Asian Studies. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ní àwọn yunifásítì mìíràn. Abímbọ́lá wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti Northwestern, ní Amẹ́ríkà, dé. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo lọ, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì kọ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní apá méjì, 1968 àti 1969, ní èdè Yorùbá. Ní 1971 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí Ifá. Oyè ọ̀mọ̀wé àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Èkó fi fúnni nìyẹn. Ohun tí àwọn oníwàásù kà sí ìbọ̀rìṣà ni ó wá di iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì fi oyè tó ga jù lọ san ẹ̀san rẹ̀. Ìṣọ̀lá náà kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gboyè kejì ní Akọkà kí ó tó di olùkọ́ ní Ifẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fi Yorùbá kọ́ kò lè rìn láìní irinṣẹ́. Àkọtọ́ 1875 ti dàrú: wọ́n ń kọ “aiye”, “enia”, “ẹiyẹ”, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bámgbóṣé kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1965, Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn yan ìgbìmọ̀ ní 1966, ìjíròrò náà sì ń bá a lọ títí tí ìjọba fi fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974: ayé, ènìyàn, ẹyẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yóò fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí, tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní ìwé èdè-ìperí rẹ̀, tí Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Níta yunifásítì, ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ní Ifẹ̀, Ẹ̀ka Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà dá dúró ní 1975. Abímbọ́lá, tí ó ti kó lọ síbẹ̀ ní 1972, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1976, Yorùbá ni ó sì fi sọ ọ̀rọ̀ ìfilọ́lẹ̀ ipò náà. Ọ̀rọ̀ irú èyí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń sọ ọ́. Kí ẹnì kan dìde nínú aṣọ oyè kí ó fi Yorùbá sọ tirẹ̀ níwájú gbogbo yunifásítì jẹ́ ohun tí ẹ̀rù ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ṣe. Ẹ̀ka náà ń lo Yorùbá nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti nínú iṣẹ́ àṣekágbá. Karin Barber, tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ni níbẹ̀ láti 1977 sí 1984, ó sì ní láti fi Yorùbá kọ́ni bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọlábíyìí Yáì, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wà lára àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, Ọlátúndé Ọlátúnjí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lórí ewì alohùn. Ìwé rẹ̀ lórí ewì náà jáde ní 1984.

Lẹ́yìn odi, ìdí tí wọ́n fi kọ́ Yorùbá yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1958, tí ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà bí, fi owó ìjọba sí ẹ̀kọ́ èdè tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbọ́, ìwé ìkọ́ni Stevick àti Arẹ̀mú sì jáde ní 1963 fún àwọn aṣojú ìjọba. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, Antonia Schleicher ní Wisconsin gbé Jẹ́ K'Á Sọ Yorùbá jáde (1993), fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbogbo. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì ibẹ̀ dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní 1959 fún ẹ̀kọ́ Áfíríkà àti Éṣíà, Láṣebìkan kan náà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní London sì lọ kọ́ni ní èdè Yorùbá níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lára àwọn tí ó jókòó sí kíláàsì ni àwọn olórìṣà tí ń kọ orin tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ńlá wọn láìmọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìdí tí ó tóbi tó báyìí fún kíkọ́ èdè ní yunifásítì ṣọ̀wọ́n.

Yorùbá tí gbogbo yunifásítì wọ̀nyí ń kọ́ni, èyí tí ó ti inú Bíbélì Crowther àti èdè Ọ̀yọ́ wá ni. Ẹ̀ka-èdè Ìbẹ̀jú, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn abúlé tó wà láti Ajá dé Lẹ́kkí kò rí irú ìtọ́jú tí d'Avezac fún ti Òṣìfẹ́kùndé. Ilẹ̀ náà sì ti yí padà: ibi tí ó jẹ́ ẹrẹ̀ àti oko àgbọn ti di ilé àwọn tí ó wá láti gbogbo Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ibẹ̀ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́ ọmọ. Ní oṣù Èrèlé 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ìdáàbòbò èdè Yorùbá. Òfin náà sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, ó sì ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fi í kún ẹ̀kọ́ gbogboògbò wọn. Olùkọ́ ni òfin bẹ́ẹ̀ gbára lé. Ní 2022 ìjọba so ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin àti èyí tó wà ní Nọfọ́rìjà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọgbà ti Nọfọ́rìjà kò jìnnà sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, nítorí náà ó lè jẹ́ ibi tí a ti ń kọ́ ẹni tí yóò lọ kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní àwọn ilé-ìwé etí ọ̀sà.